Pèpéle kan, iye méjì: ibi tí owó dẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìnkùlé ń wọlẹ̀ sí

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ìgbógbó, ní Ìkòròdú wa níbí, ya fọ́tò bébà méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Káfíńtà méjì ló ti wá wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun kan pèpéle onípákó síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 lóòró, 12 níbùú, kí òun lè ríbi jókòó gba atẹ́gùn ọ̀sà bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Iye tí káfíńtà kìíní kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì.

Mi ò tíì wò ó tán tí fóònù fi dún.

“Àjàní, èwo nínú wọn lolè?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò sólè ńbẹ̀. Pèpéle ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.”

“Ìwọ náà ti tún dé. Méjìlá sí méjìlá ni mo sọ fún àwọn méjèèjì!”

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣe méjìlá sí méjìlá fóun, òkè nìkan ló tíì sọ. Ohun tó máa wà lábẹ́, káfíńtà ló máa fi ọkàn ara rẹ̀ pinnu, abẹ́ yẹn ló sì ń jẹ owó ju òkè lọ. Àwọn bàbá wa mọ pèpéle dáadáa: amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n mọ́ ara ilé, àlejò á jókòó síbẹ̀, àgbà á sì rẹjú níbẹ̀ lọ́sàn-án. Pèpéle alámọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ ni, kò lẹ́sẹ̀. Èyí táwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní dẹ́ẹ̀kì yìí lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ yé èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kà á ní pákó kọ̀ọ̀kan. Náírà kọ́ ni mo máa fi kà á, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè máà bá ọjà mu lọ́la. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sí ìpàdé lórí iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó ti kọ bébà rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà náà mọ bó ṣe rí lára òun. Nítorí náà, pákó ni ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Pákó kan tí mo ń wí ni èyí tó nípọn ní ínǹṣì 1, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 6, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Tú-báì-síìsì (ínǹṣì 2 sí 6) nípọn tó o lọ́nà méjì, ẹ kà á sí pákó 2. Bí ẹ bá ti mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ fi sọ ìyókù di owó.

Òkè ló rọrùn. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ fá ẹ̀gbẹ́ pákó onínǹṣì 6, ó máa ń ku nǹkan bíi 5½. Ẹ fi àlàfo ínǹṣì ¼ sáàárín pákó kan àti èkejì kí omi òjò lè ríbi jò gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ ínǹṣì 144. Ẹ fi 5¾ pín in, pákó 25 ló máa kún un. Ẹ fi 3 lé e fún èyí tó bá wọ́, èyí tó bá là, àti èyí tí kókó igi ti bà jẹ́. Ó di 28.

Ó ku abẹ́. Àwọn igi tí wọ́n ń tò tẹ̀ léra, tí wọ́n ń kan pákó òkè mọ́, ni àwọn káfíńtà ń pè ní jọ́ìsì. Kí pákó onínǹṣì 1 má baà máa tẹ̀ bí ẹnì kan bá ń gba orí rẹ̀ kọjá, kí jọ́ìsì kan má jìnnà sí èkejì ju ínǹṣì 16 lọ. Nínú 144, àlàfo 9 nìyẹn, jọ́ìsì 10. Igi méjì ló máa dé wọn lórí àti nídìí: ó di 12. Jọ́ìsì náà gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa gbé e: bíìmù mẹ́ta, ọ̀kan ní eteetí ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì, ọ̀kan láàárín, igi méjì la sì máa so pọ̀ fún bíìmù kan. Ó di 6. Àpapọ̀ tú-báì-síìsì jẹ́ 18, ìyẹn pákó 36 lórí òṣùwọ̀n wa. Òpó kúkúrú mẹ́ta-mẹ́ta ló máa wà lábẹ́ bíìmù kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Bí òpó kọ̀ọ̀kan bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí kó dín díẹ̀, fọ́ò-báì-fọ́ò (ínǹṣì 4 sí 4) méjì á tó gé, igi tó wà nínú méjèèjì sì lé díẹ̀ ní pákó 5.

Òkè 28. Abẹ́ 41. Irú iṣẹ́ tí bébà kìíní pe owó rẹ̀ nìyẹn, a ò sì tíì da sìmẹ́ǹtì kankan.

Bébà kejì kò kọ nǹkan kan ju “dẹ́ẹ̀kì 12×12, pákó àti iṣẹ́” lọ, mo bá pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ọmọlúwàbí ni, gbogbo ìbéèrè mi ló dáhùn. Jọ́ìsì rẹ̀, tú-báì-fọ́ò ni, ọ̀kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, nítorí náà 7 péré ló máa rà. Bíìmù mẹ́ta, igi kan-kan. Òpó mẹ́fà, tó máa gé lára fọ́ò-báì-fọ́ò kan ṣoṣo, tó máa rì bọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Kò sí kọnkéré. Ìṣó ló máa fi kàn án. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nídìí fóònù níbẹ̀: abẹ́ rẹ̀ kò ju pákó 18 lọ. Bó bá ra 26 fún òkè, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44, nígbà tí ti ẹnì kìíní jẹ́ 69, yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì àti skúrúù. Ẹ rí i pé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló pe owó rẹ̀, lọ́nà tó máa fi rí iṣẹ́ náà gbà.

Mo mọ bí pèpéle irú ìyẹn ṣe ń parí, torí èmi náà ti jókòó lórí ọ̀kan rí. Nílé tí mo kọ́kọ́ gbé, ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ bá mi kan án, ó dára lójú, mo sì kùn ún pẹ̀lú ọ́ìlì títí ó fi ń dán. Kò pé ọdún méjì. Àlejò dé ní ọjọ́ kan, mo gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ jáde, mo tẹ ìkángun pèpéle, ẹsẹ̀ mi sì bá ilẹ̀ lọ títí dé orúnkún. Ìkọ́kọrẹ́ dà sí mi láyà. Nígbà tí mo fa ẹsẹ̀ yọ, tí mo tanná wo abẹ́, òpó ṣì dúró, kò sí ohun tó ṣe é lójú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wọnú bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù. Awọ ara igi tí mo kùn ló kù, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, inú rẹ̀ sì ti di kìkì ilẹ̀ ikán. Pákó òkè ṣì ń dán ní tirẹ̀ ṣá.

Arère ló fi ṣe abẹ́. Arère kì í ṣe igi burúkú, ó fúyẹ́, ó gba ìṣó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n; inú ilé ló yẹ kó wà, níbi tí ilẹ̀ àti òjò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àfàrà náà rí bẹ́ẹ̀. Igi tó lè bá ikán gbé nìwọ̀nyí: ìrókò, apá, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ayin. Ìrókò tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù nínú igbó nítorí olúwéré, ikán náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀ lọ́jà. Àárín ìrókò, tó pọ́n bíi tábà, ni ikán kì í fẹ́ jẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó funfun, tó súnmọ́ èèpo, kò yàtọ̀ sí oúnjẹ mìíràn fún un. Ẹni tó bá ta pákó tí ìdajì rẹ̀ funfun fún yín ní iye ìrókò, ìdajì ìrókò ló tà. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ kúrò nínú ọkọ̀ kun abẹ́, torí ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń rùn, ó máa ń ta sí aṣọ, kì í sì í wọnú igi lọ títí. Oògùn ikán gidi ni kí ẹ kọ sínú ìṣirò yín, kí wọ́n fi kun ojú ibi tí ayùn ti gé kó tó di pé wọ́n tò ó, torí ojú gígé yẹn lomi ń gbà wọlé.

Ohun kan wà tó dára ju oògùn lọ, kò sì wọ́n: kí igi má kan ilẹ̀ rárá. Wọ́n á gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lóòró àti níbùú, 2 ní jíjìn, wọ́n á da kọnkéré sí i kó yọ sókè díẹ̀, wọ́n á ri irin tó rí bíi lẹ́tà U, tí wẹ́dà ẹ̀bá títì lè fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀, sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, òpó á sì jókòó sínú irin náà. Ikán tó bá fẹ́ gun òkè á ní láti la ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gba ara kọnkéré níta gbangba, ẹ ó sì rí i, ẹ ó gbá a dànù. Ihò mẹ́sàn-án yẹn gba kọnkéré tó lé díẹ̀ ní èyí tó máa kún àpótí tó jẹ́ mítà kan lóòró, níbùú àti ní jíjìn. Bí ẹ bá po sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, gáráníìtì 4, àpò sìmẹ́ǹtì 8 á tó.

Ó tó, bí ilẹ̀ bá gbà. Ìkòròdú kì í ṣe ilẹ̀ kan náà. Lápá Odógunyàn, ilẹ̀ pupa tó le ni, ẹsẹ̀ bàtà 2 á ti gbé ẹrù. Bí ẹ bá ń sọ̀ lọ sí Báyékù tàbí etí omi Májídùn, ihò lè máa sun omi kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ dé ìdajì. Kí ẹ tó gbà pé iye kan ni iye, ẹ san owó lébà ọjọ́ kan kó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo fún yín. Ẹ má ṣe é ní oṣù kejì. Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń purọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ mọ ibi tí omi ń dé, kí ẹ wá kan dẹ́ẹ̀kì gan-an bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tán.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé èèyàn mélòó ló máa wà lórí pèpéle náà. Ó ní, “Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin nìkan ni, a kàn fẹ́ máa jókòó.” Mo dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, “Àfi bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdána.” Ẹ ṣé o. Kò sí ilé Yorùbá tó ní ibi gbalasa lẹ́yìnkùlé tí ìnáwó kò ní bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, onílù á sì gun orí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kan dẹ́ẹ̀kì mọ́ ilé, òfin ìkọ́lé wọn ní kó lè gbé ó kéré tán pọ́n-ùn 40 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun kọ̀ọ̀kan. Tiwa jẹ́ 144. Ẹ fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 5,760, nǹkan bíi kílò 2,600. Àgbàlagbà 35 tó wúwo ní kílò 75 ti kún un nìyẹn, ká tó sọ pé wọ́n ń jó. Ẹ fojú inú wo tú-báì-síìsì kan ṣoṣo tó na ẹsẹ̀ bàtà 12 láìsí òpó láàárín, kí àwọn ìyàwó ilé 35 sì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ìyá ọkọ. Tórí ìyẹn ni mo ṣe ka òpó mẹ́sàn-án.

Ìṣó ńkọ́? Pákó kan ń kọjá lórí jọ́ìsì 10, ojú méjì-méjì la ń kàn án, pákó sì jẹ́ 25: 500. Skúrúù ni kó jẹ́. Igi ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ọyẹ́, ìṣó á sì máa yọrí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gún ẹsẹ̀ ọmọdé. Nítorí atẹ́gùn ọ̀sà tó ń jẹ irin, ẹ ra èyí tí kì í dípẹtà bí agbára bá gbé e. Bí kò bá gbé e, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò. Èyí tó dúdú tí wọ́n fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá ń lọ ra pákó, ẹ mú téèpù dání, ẹ má tijú. Mo ti ra onínǹṣì 1 tó jẹ́ ¾ rí, mo ti ra ẹsẹ̀ bàtà 12 tó jẹ́ 11½ rí. Ìdajì ẹsẹ̀ bàtà yẹn kò jẹ́ nǹkan kan títí dìgbà tí kò bá dé orí bíìmù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ibùdó pákó ńlá sí Àgbówà fún àwọn onípákó Òkó-Bàbá, Èbúté Mẹ́ta, ọ̀nà ibẹ̀ sì yá fún ará Ìkòròdú ju ti Èbúté Mẹ́ta lọ. Níbikíbi tí ẹ bá ti rà á, owó ọkọ̀, owó àwọn tó ń já ẹrù, owó ìfági, gbogbo rẹ̀ ló dá dúró, kò sì sí nínú iye tí wọ́n pe pákó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, bí wọ́n bá gbọ́ ìró òòlù, wọ́n lè wá kí yín. Òfin Èkó ti ọdún 2016 kò fàyè gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi nǹkan sẹ́yìn fún ọ̀rọ̀ tí a kò ròtẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó, ó kéré tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a bá òun dín in kù sí 12 sí 10. Èrò tó dáa ni, ṣùgbọ́n pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ọjà ń tà. Bí ẹ bá fẹ́ 10, ẹ ó ra 12, ẹ ó gé 2 sọnù lára jọ́ìsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì sanwó rẹ̀. Pákó mẹ́rin péré lókè lẹ ó rí dín kù nínú 69. Bí ẹ bá ní 13, ó burú jù, torí ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn á mú yín ra igi mìíràn fún gbogbo ojú ìlà. Ibi tí owó wà láti dín ni gíga rẹ̀. Pèpéle tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìdìmú yíká àti àtẹ̀gùn gidi, igi tí ìyẹn ń jẹ kò kéré. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ilẹ̀, kí ẹni tó bá yọ̀ lórí rẹ̀ kàn dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi irin ṣe abẹ́, tàbí kí ẹ ra pákó oníke tó ń ti Ṣáínà wá. Irin dára bí ẹ bá lè máa kùn ún, torí ọ̀sà kò jìnnà. Pákó oníke kì í tètè jẹrà, ikán kì í sì í sábà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ṣì nílò abẹ́ kan náà tí a ti kà.

Ọdọọdún ni owó kan á tún máa jáde: gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì igi kan àti owó ẹni tó máa kùn ún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà pẹ̀lú ìyókù.

Níkẹyìn mo kọ ojú ìwé kan fún ẹ̀gbọ́n mi: iye jọ́ìsì àti àlàfo wọn, bíìmù, òpó, ihò àti jíjìn rẹ̀, irú igi, skúrúù, oògùn. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn káfíńtà méjèèjì pé kí wọ́n pe owó ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan, kí owó iṣẹ́ ọwọ́ sì dá dúró. Iye méjèèjì wá súnmọ́ra. Owó iṣẹ́ nìkan ló fi díẹ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin kejì, ẹni tó dáhùn ìbéèrè mi lórí fóònù, ló gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa sanwó iṣẹ́ fún un: bí kọnkéré bá gbẹ, bí abẹ́ bá pé, àti bí gbogbo rẹ̀ bá parí. Èyí àárín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò ní san án títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, tí yóò fi ka jọ́ìsì fúnra rẹ̀, kí pákó òkè kankan tó bò ó.

Igi ti dé. Ó wà lábẹ́ òrùlé gáréèjì, wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́, torí igi tútù tí wọ́n bá kàn mọ́lẹ̀, ó máa fún, ó máa wọ́. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ jókòó sórí rẹ̀.

“Àjàní, dìde ńbẹ̀. O fẹ́ kó wọ́ ni?”